Ìká Òfún: Bí Ogbó Ṣe Ń Rí Lára Ẹni Tó Ń Gbó

 

Mo lọ ra obì àti ataare ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Bí mo ṣe ń jáde, ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Bàbá, ibo lẹ̀ ń lọ?" Mo wẹ̀yìn, mo ń wá bàbá tó ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn mi. Ẹni ọdún 46 ni mí lọ́jọ́ náà. Títí di ìgbà yẹn, "Bọ̀ọ̀dá" ni wọ́n ń pè mí lọ́jà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ mi ń pè mí ní "Bàbá Awo", àmọ́ ìyẹn kì í ká mi lára, orúkọ iṣẹ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá mọ Ifá dá, Bàbá Awo lòun náà. Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà yìí ò mọ̀ bóyá mo gbọ́ Ifá tàbí n kò gbọ́ ọ. Irùngbọ̀n mi tó ti ń funfun ló rí. Mo gun ọkadà, n kò sọ̀rọ̀ kankan títí a fi délẹ̀. Kódà n kò ná an.

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lọ́kàn mi nígbà tí ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá mi nílé, níbí ní Ìlárá-Mọ̀kín. Iṣẹ́ àṣejáde ló ń ṣe ní yunifásítì rẹ̀. Ó fẹ́ mọ ojú tí àwọn àgbàlagbà fi ń wo ogbó ara wọn. Kì í ṣe iye ọdún tí wọ́n jẹ́ o, bí ọdún náà ṣe ń rí lára wọn ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ìbéèrè rẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún un pé babaláwo kan wà ní àdúgbò wa tó kàwé, pé Ìtàn ni mo kọ́ ní Àkùngbá. Ó ní kí n bá òun sọ ọ́ di Yorùbá tí àwọn ìyá àgbà máa gbọ́, kí n sì mú òun dé ọ̀dọ̀ wọn.

Mo ka ìwé náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré ni. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń wá òṣùwọ̀n tí wọn yóò fi wọn nǹkan yìí. Ní 1975, M. Powell Lawton ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, tún òṣùwọ̀n kan ṣe tó dá lórí bí inú àwọn arúgbó ṣe ń rí; ìbéèrè márùn-ún nínú rẹ̀ dá lórí ojú tí èèyàn fi ń wo ogbó ara rẹ̀ nìkan. Ṣé nǹkan ń burú sí i bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́? Ṣé agbára èṣí ṣì wà lára? Ṣé èèyàn ń di ẹni tí kò wúlò mọ́? Irú rẹ̀ báyẹn. Ní 1981, Barak àti Schiffman gbé tiwọn wá. Wọ́n ní ọjọ́ orí mẹ́rin ló wà lára ẹnì kan: èyí tó ń rí lára rẹ̀, èyí tí ojú rẹ̀ ń fi hàn, èyí tí ìṣe rẹ̀ jọ, àti èyí tí ohun tó fẹ́ràn jọ. Nígbà tó di 2006, Rubin àti Berntsen gbé ìwádìí kan jáde láti Denmark, wọ́n ní ẹni tó bá ti ju ogójì ọdún lọ sábà máa ń rí ara rẹ̀ bí ẹni tó fi ìdá kan nínú márùn-ún kéré sí ọjọ́ orí rẹ̀. Mo ṣe ìṣirò tèmi. Ó fún mi ní 37 ọdún. Ẹ̀rín pa mí. Abájọ tí mo fi wẹ̀yìn lọ́jà.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo mú akẹ́kọ̀ọ́ yìí lọ bá ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ìyá onírú. Kò tà mọ́ nígbà náà, àmọ́ àwọn kan ṣì ń wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀ pé irú òun làwọn mọ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n. Ìyá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀, pé wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀ láyé ìgbà náà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí oòrùn ṣú lọ́sàn-án gangan, tí adìyẹ wọlé lọ sùn, àwọn ló pọn bàbá mi sẹ́yìn, ọmú àwọn kò sì tíì yọ. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Ọ̀sán tó ṣú yẹn lọ́jọ́ nínú ìwé: 20 May, 1947. Ọmọ tó lè pọn àbúrò, tí kò tíì dàgbà ọmọge, kò ní ju ọdún méje tàbí mẹ́jọ lọ. Ìyá ti lé ní ọgọ́rin.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ìṣirò yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn oníṣègùn gan-an ń lò ó. Ní 1963, wọ́n ṣe àkójọ kan ní Ìbàdàn, orúkọ Ajayi-Igun ni wọ́n fi ń pè é, tó to ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ kí wọ́n lè fi mọ ọjọ́ orí ẹni tí kò ní ìwé ìbí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ogunniyi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun sì yẹ àkójọ náà wò, wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1993. Irú rẹ̀ la ní níbí náà. Àwọn àgbà Àkúrẹ́ kan ò lè sọ ọdún tí wọ́n bí wọn, àmọ́ wọ́n á sọ fún ẹ pé ayé Adésidà Afúnbíowó ni, ọba tó lo ọgọ́ta ọdún lórí ìtẹ́, 1897 sí 1957. (Ọba náà ò ran onítàn lọ́wọ́ púpọ̀, àwọn tí ọjọ́ orí wọn jìnnà síra gan-an ló máa sọ ohun kan náà.)

Òṣùwọ̀n mìíràn tún wà, ti ara fúnra rẹ̀. Ní January 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ á gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá. Bí ìka bá kan etí òsì, ó ti tó ọmọ ilé ìwé. Ọwọ́ bàbá mi kan etí. Ìyá ti dàgbà jù fún ìyẹn, wọ́n gbé igbá irú lé wọn lórí. Ìwé ẹ̀rí bàbá mi wá sọ pé 1949 ni wọ́n bí i. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ pé ó ti wà láyé ní 1947. Tíṣà ni bàbá mi, ọjọ́ orí ìwé yẹn ló sì fi fẹ̀yìn tì. Mélòó nínú wa ni kò mọ ẹni tó ní ọjọ́ orí ilé àti ọjọ́ orí ọ́fíìsì?

A wá kan ìbéèrè tó le. Mo sọ ọ́ di Yorùbá báyìí: "Ìyá, ọdún yìí tí ẹ jẹ́, báwo ló ṣe ń rí lára yín? Bí ẹni ọdún mélòó lẹ ṣe ń rí ara yín?" Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n dákẹ́, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn méjèèjì sórí ẹní, wọ́n wá ní: "Mo ti dàgbà ju ìyá mi lọ."

Akẹ́kọ̀ọ́ wò mí. Òye ọ̀rọ̀ náà kò yé e. Mo ṣàlàyé fún un pé irun dúdú ló wà lórí ìyá wọn nígbà tó kú. Láti ọjọ́ pípẹ́, bí Ìyá bá rántí ìyá wọn, ọmọge ni wọ́n ń rántí. Wọ́n ti ré ìyá wọn kọjá lójú ọ̀nà. Àpótí tí wọn yóò kọ nọ́ńbà sí ló wà nínú ìwé, kò sí àyè fún irú èsì yẹn. Ọmọ náà ní kí n bi wọ́n léèrè iye kan pàtó. Ìyá ní, "Láàárọ̀ ni àbí lálẹ́?"

Nígbà yẹn, àwọn ará ilé ti gbọ́ pé àlejò dé. Ìyàwó àbúrò mi ti wọlé, ọmọ méjì ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, aládùúgbò kan wá béèrè iná. Àárín gbogbo wọn ni mo ti bi Ìyá pé bí wọ́n ṣe ń dàgbà yìí, ṣé wọ́n ń rí i pé àwọn kò wúlò mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n wo àwọn ọmọ ẹnu ọ̀nà, wọ́n wo ìyàwó ilé. Wọ́n ní, "A dúpẹ́."

Akẹ́kọ̀ọ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n kọ? Bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" Mo ní kó kọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ní ẹni tó bá ní "a dúpẹ́", ara rẹ̀ le nìyẹn. Ó fi máàkì sí i. Ẹ rántí máàkì yẹn.

Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, mo lọ kí wọn lálẹ́. Iná ò sí. Àwa méjì péré ló wà níbẹ̀. Mo béèrè àlàáfíà, wọ́n ní a dúpẹ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ wọ́n ní, "Ó ti rẹ̀ mí o, bàbá mi."

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé "bàbá mi" yẹn. Lẹ́yìn tí bàbá wọn kú ni wọ́n bí mi. Láti ọjọ́ ìkómọ mi ni Ìyá ti ń pè mí ní bàbá àwọn, wọ́n á kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi nígbà tí mo ṣì ń rá kòrò. Ẹ̀yin tí ẹ ní Yétúndé nílé mọ ohun tí mò ń sọ. Ọlọ́kadà pè mí ní bàbá lẹ́ẹ̀kan, mo ń wẹ̀yìn. Ìyá pè mí ní bàbá fún ọdún 46, n kò wẹ̀yìn rí, torí n kò gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀.

Kí ni mo wá fi fún wọn lésì? "Háà, Ìyá! Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ ṣì máa pẹ́ fún wa. Ogbó ató ni tiyín." Mo da àdúrà bò ó. Ìyá ní àṣẹ. Wọn kò tún sọ ọ́ mọ́ títí ọyẹ́ fi dé, ìgbà ọyẹ́ yẹn ni wọ́n sì lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn "ó ti rẹ̀ mí", yálà ìrora kan ni, yálà wọ́n fẹ́ kí n dáfá sí nǹkan kan, yálà wọ́n kàn fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́, n kò mọ̀ ọ́n títí dòní. Ẹni tó ń fetí sí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíì fún oúnjẹ òòjọ́ ni mí.

Ẹnì kan lè sọ pé kí ni mo ṣe tó burú. Ó tiẹ̀ lè fi ìwé gbè mí. Ní 2002, Becca Levy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí 660 èèyàn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Oxford, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Láti 1975 ni wọ́n ti bi wọ́n léèrè ojú tí wọ́n fi ń wo ogbó wọn. Àwọn tó fi ojú rere wò ó fi ọdún méje àtààbọ̀ pẹ́ láyé ju àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Awo tó bá gbọ́ èyí á mi orí. Ìdí tí a fi ń sọ pé orí ló ń gbọ́ ohun tí ẹnu ń sọ nìyẹn, àti ìdí tí ire àìkú fi ń ṣáájú nínú ire tí à ń tọrọ lọ́wọ́ Ifá. Bí ojú rere bá ń fi ọdún kún ọdún, ṣé kò yẹ kí á máa dá arúgbó lẹ́kun nígbà tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì?

Mo ti gbé ìbéèrè yìí yí po. Ohun tó dá mi dúró ni pé ojú tí àwọn ará Ohio yẹn fi wo ogbó, ojú ara wọn ni. Ọ̀rọ̀ rere tí mo dà bo Ìyá lẹ́nu, tèmi ni. Wọn ò ní in. Ẹni tí o pa lẹ́nu mọ́ kò tíì yí èrò rẹ̀ padà, o kàn ti kọ́ ọ pé ìwọ kọ́ ni yóò sọ ọ́ fún.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé tiwa. Láti 2003 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan lórí ogbó nínú ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, Oǹdó wà níbẹ̀. Àwọn 2,152 tó ti pé ọdún 65 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú èèyàn yìí ló jẹ́ pé bí o bá kí wọn lójú ọ̀nà, "a dúpẹ́" ni wàá gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí jókòó tì wọ́n, wọ́n sì béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: oorun ń kọ́, oúnjẹ ń kọ́, ṣé ìgbà kan wà tí nǹkan ò wù yín ṣe rárá? Èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2007 nínú ìwé ìròyìn Lancet ni pé nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ó lé ní 26 tó ti ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le gan-an rí láyé wọn, 7 sì ní in láàárín ọdún kan péré. Ẹ fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo a-dúpẹ́ tí ẹ gbọ́ lánàá. N kò sọ pé irọ́ làwọn àgbà ń pa. "A dúpẹ́" kì í ṣe irọ́, ìkíni ni, ó dà bí ilẹ̀kùn tí a tì láti inú. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní sùúrù láti kàn án.

Ifá ti mọ èyí tipẹ́. Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é. Ẹni tó wá wádìí kì í sọ ohun tó gbé e wá fún babaláwo. Yóò mú owó, yóò gbé e sún mọ́ ẹnu, yóò sọ ọ́ sí i wúyẹ́wúyẹ́, yóò fi lé Ifá. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé kí nìdí, ṣé kí á lè dán babaláwo wò ni? Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo ti rí àwọn àgbàlagbà tó di owó yẹn mú pẹ́, tí ètè wọn ń mì, tí omi ń bọ́ lójú wọn sórí náírà. Bí mo bá béèrè lọ́wọ́ wọn lójúkojú pé kí ló dé, kò séwu ni wọ́n máa sọ. Owó kì í dá èèyàn lẹ́kun. Owó kì í ní "ẹ má sọ bẹ́ẹ̀".

Odù tí ó ń dà mí láàmú láti ìgbà tí Ìyá ti lọ ni Ìká Òfún. Ọ̀pọ̀ yín mọ ìtàn náà, bí oníkálukú ṣe ń kì í ló yàtọ̀. Àgbààgbà mẹ́rìndínlógún ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn yóò gbó bí Olódùmarè ṣe sọ. Ẹ kíyè sí i, àgbà ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ifá ò ka iye ọdún kankan fún wọn. Èèwọ̀ ló kà fún wọn. Lára rẹ̀ ni pé kí wọ́n má ṣe fi orúkọ ohun kan pe ohun mìíràn. Lára rẹ̀ ni pé kí wọ́n má ṣe já ọ̀pá gbà mọ́ afọ́jú lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n má ṣe gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ti gbó. Wọ́n délé, wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí wọ́n má ṣe. Nígbà tí ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, wọ́n ní Ọ̀rúnmìlà ló ń pa àwọn.

Bí wọ́n ṣe kọ́ mi, ọ̀pá jẹ́ ọ̀pá: má fi ìyà jẹ aláìlágbára. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, èrò tèmi ni, awo tó jù mí lọ lè ní n kò gbọ́ Ifá. Ọ̀rọ̀ tí arúgbó fi ń sọ bí ó ṣe ń rí lára rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ ni. Òun ló fi ń tọ́ ilẹ̀ wò níwájú kó tó gbé ẹsẹ̀. Mo já a gbà lọ́wọ́ Ìyá, tàdúràtàdúrà. Èèwọ̀ ti àkọ́kọ́ náà, mo jẹ ẹ́ lójú akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí mo fi orúkọ ara líle pe ohun tí Ìyá kò pè bẹ́ẹ̀.

Kí ló fà á? Ìfẹ́ ni n bá sọ. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti lọ. Ìyá ló kù tí a lè na ìka sí pé àgbà ilé nìyí. Bó bá ti rẹ Ìyá, ta ló kàn? Ọlọ́kadà ti sọ ọ́ fún mi lọ́jà, n kò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ogbó tèmi ni mò ń dá lẹ́kun.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà parí iṣẹ́ rẹ̀, ó ṣe dáadáa. Ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nínú ìwé náà. Mo wá ojú ìwé tí àwọn nọ́ńbà wà. Ìyá wà níbẹ̀, láàárín àwọn tó ní àwọn ṣì wúlò. N kò ní kó yọ ọ́, iṣẹ́ ti dé ọwọ́ àwọn olùkọ́ rẹ̀. Àmọ́ mo sọ fún un lórí fóònù pé ẹyọ kan nínú iye yẹn, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ifá tó kọjá, bàbá àgbà kan wá láti ìsàlẹ̀ àdúgbò. A ti parí ohun tó bá wá, ó ti dìde, ó tún jókòó padà. Ó ní gbogbo nǹkan yìí ti sú òun. Ọmọ mi tó ń kó ọpọ́n la ẹnu, mo mọ ohun tó fẹ́ sọ, mo sì ṣẹ́jú sí i. Mo ní, "Kí ló sú yín jù níbẹ̀, bàbá?"

Eyín ló ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú kó tó kan ẹsẹ̀.